Èèpo Ayín Lẹ́yìn Ilé Aṣẹ́gità

"Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi." Ta ló gbọ́ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni aṣẹ́gità náà? Ta ni ọmọ rẹ̀? Igi ni ìyá ń tà, kí ló dé tó fi jẹ́ èèpo ni ọmọ ń náání? Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa ń fi òwe náà ṣe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́wà níbi ìkómọ àti níbi ìṣílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Bí wọ́n ṣe sọ ìtàn rẹ̀ fún mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ yìí, kò sì sí ohun ńlá kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbo ni, àti ọ̀rọ̀ òrùlé.

Obìnrin opó kan wà ní abúlé Àbà-Ayín láyé àtijọ́. Igi ni ó ń ṣẹ́ tà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un, Àmọ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti tó ọmọ tí wọ́n ń wá fẹ́. Nítorí ọmọ yìí ni gbogbo abúlé ṣe ń pe opó náà ní Ìyá Àmọ̀kẹ́. Ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wọn nígbà tó kú ni àáké kan àti ilé oníyàrá méjì tí òrùlé rẹ̀ ti jẹrà. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògiri láti òkè. Ẹni tó bá mọ ilé alámọ̀ mọ̀ pé bí òjò ọdún kan sí i bá tún rọ̀ sí i, ilé ti di òkìtì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: aṣẹ́gità kì í fi igi tó dára dáná. Igi tó bá gbẹ, tó bá tọ́, ti ọjà ni. Ohun tó bá kù sílẹ̀ ló ń fi dáná tirẹ̀. Bí igi ayín bá sì gbẹ tán tí wọ́n bá là á, èèpo rẹ̀ á ṣí kúrò bí èèpo iṣu sísè. Ẹlòmíràn á gbá a sí kòtò. Àmọ̀kẹ́ kì í gbá a sí kòtò. Ó ń ṣà á, ó ń sá a sóòrùn, ó ń tò ó sábẹ́ àtíbàbà kékeré kan tó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lẹ́yìn ilé. Èyí tó nípọn lọ́tọ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ lọ́tọ̀.

Èèpo kì í jó bí igi. Bí o bá kàn dà á sábẹ́ ìkòkò, á bú yẹ̀ẹ̀, á sì ti kú kí omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá tò ó ní ìnàró, kí o fún un mọ́ra wọn nínú ààrò tí ẹnu rẹ̀ kéré, ọwọ́ iná rẹ̀ ò ní ga, èéfín rẹ̀ ò ní pọ̀, á kàn máa pọ́n lọ díẹ̀díẹ̀, ooru rẹ̀ á sì pẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́ Àmọ̀kẹ́ ní èyí. Ó jẹ ẹ̀wà tí kò jinná lọ́pọ̀ ọjọ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

Bí ó ṣe mọ̀ ọ́n tán nìyí. Á rẹ ẹ̀wà sómi títí yóò fi wú. Á wá ìkòkò kékeré, á tẹ́ ewé sábẹ́ ọmọrí rẹ̀, á fi òkúta lé e kí ooru má baà jáde. Kò rí káún rà, nítorí náà á da omi sórí eérú èèpo nínú ajere, omi tó bá kán sísàlẹ̀ ló ń ta díẹ̀ sínú ẹ̀wà, ẹ̀wà á sì rọ̀. Bí iná bá fẹ́ kú, á wa eérú gbígbóná mọ́ ìdí ìkòkò, á gba inú igbó lọ. Bó bá fi dé, ẹ̀wà ti jinná. Yóò ti já ebòlò bọ̀ láti inú oko tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ̀fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tà. Ata tó sá nígbà tí ata pọ̀ wà lókè ààrò, orí ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, irú wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n ń jẹ ẹran nínú ilé yẹn. Ohun tí mo sọ ni pé òórùn ọbẹ̀ wọn á mú kí ẹni tó bá ń kọjá lọ yí orí padà.

Síbẹ̀ wọ́n ń fi Àmọ̀kẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Eléèpo ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ọkọ tó bá fẹ́ ẹ, àkìtàn ni yóò gbé wọlé. Òun kì í dá wọn lóhùn. Ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn, torí òkìtì èèpo tí ọmọ tò ti ga dé àyà, ojú ọ̀nà sì ni àwọn ènìyàn ti ń rí i. Àìmọye ìgbà ló ti ní kó kó o dànù.

Nígbà tí òjò ń súnmọ́lé, Ọdẹ́wálé wá kí wọn. Òun ni olórí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ọ̀wẹ̀ ní abúlé náà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gba oko àti ilé ara wọn ṣiṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ opó náà wà lára wọn kó tó kú.

"Ìyá Àmọ̀kẹ́," ni ó wí, "ọjọ́ kan la jẹ ọkọ rẹ. Gbogbo wa ló bá ṣiṣẹ́, tirẹ̀ ló kù tí a ò ṣe. Ogún ọkùnrin á wá lọ́túnla. A ó tú òrùlé yìí láàárọ̀, a ó sì bò ó tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọjọ́ kejì, oko Akínwándé la ń lọ. A ò tún ní ráyè síbí mọ́ títí òjò ó fi dá."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ọjọ́ kan á tó."

"Á tó, bí oúnjẹ bá tètè jinná. O mọ bó ṣe rí. Bí oòrùn bá kan àtàrí, tí òjìji òpó wọ ìdí òpó, tí a ò tíì rí àwo, àwọn ọmọ yìí á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa lọ. Mi ò lè dá wọn dúró. Èmi gan-an ò lè dá ara mi dúró."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé òtítọ́ ni. Bí wọ́n bá tú òrùlé àtijọ́ tán, tí wọ́n sì fi tuntun sílẹ̀ ní ààbọ̀, òjò àkọ́kọ́ ni yóò pa ògiri. Níbo ni òun àti ọmọ yóò wà?

Gbogbo igi tó ní ló ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń se epo, kó lè rí koríko bẹẹrẹ àti okùn tí wọ́n máa fi bo ilé. Igi ò kù. Iṣu ogún ọkùnrin kọjá agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo wà, ẹ̀wà wà, epo díẹ̀ wà. Ẹ̀gbo àti ẹ̀wà ni yóò sè. Ẹ̀gbo dára fún òṣìṣẹ́, ó ń dúró nínú. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kì í tètè jinná.

Ó lọ bá Àwẹ̀ró, ìyálé ilé kejì, tí ọkọ rẹ̀ gé àràbà ńlá kan lulẹ̀ ní oko ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Ìyálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi nígi."

Àwẹ̀ró wò ó. "Aṣẹ́gità ń yá igi? Lọ́la ni adẹ́mu á wá tọrọ ẹmu lọ́wọ́ mi."

"Àlejò ni mo fẹ́ ṣe."

"Ó yá, máa kó o. Gbé àwọn tó tóbi, kí ilé ìdáná rẹ lè jọ tènìyàn."

Inú kan ni Àwẹ̀ró fi fún un, ẹ má ṣì í gbọ́. Ẹni tó gbà á ló yẹ kó mọ̀. Obìnrin tó ti ń gbé igi láti ogún ọdún gbé àràbà tútù lé orí, ó wúwo bí òkú, ó sì gbé e délé. Ìtìjú ló gbé e.

Àmọ̀kẹ́ fọwọ́ kan igi náà. "Ìyá mi, igi yìí tutù."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n fi èèpo sè é."

"Lójú ogún ọkùnrin? Kí wọ́n máa sọ káàkiri pé opó fi pàǹtí se oúnjẹ fún àwọn? Má tún dárúkọ èèpo sí mi létí títí wọn ó fi lọ."

Ṣùgbọ́n Àmọ̀kẹ́ rẹ àgbàdo àti ẹ̀wà sómi gbígbóná láti ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, ó sì sẹ́ omi eérú kún ìṣà kékeré kan, ó gbé e pamọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn ọkùnrin ti dé. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n ti tú òrùlé àtijọ́ dà sílẹ̀, ilé náà sì wà níhòòhò. Ìyá Àmọ̀kẹ́ gbé ìkòkò ńlá ka iná, ó ti igi àràbà bọ ìdí rẹ̀. Igi náà ń hó ní orí, ó ń tu omi lẹ́nu, èéfín funfun sì ń rú jáde lára rẹ̀, ó gba ojú àwọn tó wà lókè ọ̀pá òrùlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Ìyá Àmọ̀kẹ́," ni ọ̀kan pariwo láti òkè, "ṣé oúnjẹ lẹ ń sè ni àbí eku lẹ ń fín?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni ẹnìkejì wí. "Bí èéfín bá ń yóni, èmi ti yó. Mo lè máa lọ."

Àmọ̀kẹ́ ń fẹ́ iná, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ. Nígbà tí oòrùn ti gòkè díẹ̀, ìyá mú hóró àgbàdo kan jáde, ó gé e jẹ. Bí òkúta ló rí. Ó wo òjìji òpó tí wọ́n fi gbé ẹnu ọ̀nà ró, ó ti kúrú. Ó wo apá ìlà-oòrùn, ojú ọ̀run ti ń dúdú níbẹ̀. Ó wo ilé rẹ̀ tí kò ní orí mọ́. Ó wá jókòó sílẹ̀.

Ọmọ mìíràn ì bá ní, "Mo sọ fún yín." Ohun tí Àmọ̀kẹ́ sọ ni pé, "Ìyá mi, òjìji ò tíì wọ ìdí òpó."

Obìnrin náà tún wo òpó náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá dìde. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà, èèpo ti kún apẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ títí dé òkè, ó sì gba iwájú Àwẹ̀ró àti àwọn obìnrin tó wá ràn án lọ́wọ́ kọjá, ó gba abẹ́ àwọn ọkùnrin tó wà lókè. Ẹnì kan súfèé. Kò wo òkè. Ó da apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Báwo lo ṣe ń ṣe é? Fi hàn mí."

Wọ́n fa àràbà jáde, wọ́n da omi pa á. Wọ́n gbẹ́ ihò tóóró mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí Àmọ̀kẹ́ ń lò, wọ́n sì to èèpo sí inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìnàró, èyí tó fẹ́lẹ́ láàárín, èyí tó nípọn yí i ká. Ihá ẹyìn ni wọ́n fi ràn án. Àmọ̀kẹ́ pín ohun tó wà nínú ìkòkò ńlá sí ìkòkò kékeré mẹ́ta, ó fi ẹ̀wà sínú ìkẹrin, ó ta omi eérú sí i. Ó tẹ́ ewé, ó dé ọmọrí, ó gbé òkúta lé e. Ìyá ń ṣe bí ọmọ ṣe wí. Bó bá fẹ́ ṣí ìkòkò wò, Àmọ̀kẹ́ á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá mi," ó sì ń fi í sílẹ̀.

Ó yá, èéfín dá. Èyí gan-an ló wá bí ọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lókè ilé, èéfín ló fi ń mọ̀ pé iná ń jó.

"Iná wọn ti kú o," ni ẹni tó kọ́kọ́ pariwo wí.

"Kò séèéfín, kò sóúnjẹ." Ọmọkùnrin kan ju okùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Apá kan òrùlé ti bò, apá kejì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ààrá sán jẹ́jẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọdẹ́wálé rìn lọ sí ìdáná láti lọ tọrọ gáfárà pé àwọn fẹ́ máa lọ. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kan, ó sì yára fà á padà.

"Iná wà níbí?"

"Ó wà, bàbá," ni Àmọ̀kẹ́ dáhùn.

"Níbo?"

Àmọ̀kẹ́ fi ọ̀pá tú ẹnu ihò díẹ̀. Inú rẹ̀ pọ́n yòò, kò sí ọwọ́ iná, kò sí èéfín. Ọdẹ́wálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọ́ bí ìkòkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń hó lábẹ́ òkúta, òórùn ẹ̀gbo sì kàn án nímú. Ó wo Àmọ̀kẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀, tí eérú kún irun rẹ̀. Ó wá padà sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró ti òpó. Òjìji rẹ̀ ti wọ ìdí rẹ̀ pátápátá.

"Bàbá, ó tó," ni ọmọkùnrin orí àkàbà wí.

Ọdẹ́wálé gbé ojú sókè sódò, ó wo òpó náà pẹ́. "Òpó yìí ò dúró tọ́," ni ó wí. "Òjìji òpó tó wọ́, ta ló ń gbà á gbọ́? Padà sókè. Ìdì koríko mẹ́ta-mẹ́ta sí i fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí n tó wo òmíràn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bú òpó, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó di ìdì kẹta tán, Ìyá Àmọ̀kẹ́ ti ń pariwo pé kí wọ́n wá fọwọ́.

Ẹ̀gbo náà rọ̀, kò nílò orógùn mọ́, ó kàn fọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀wà jinná dé inú, kò sì di omi. Àmọ̀kẹ́ ti fi epo díẹ̀ tó wà dín ata gbígbẹ àti irú, ó fọ́ orí ẹja sí i, ó da ebòlò lé e. Wọ́n bu ẹ̀gbo, wọ́n bu ẹ̀wà lé e, wọ́n ta epo ata sí i. Ogún ọkùnrin tẹ orí mọ́ igbá wọn, wọ́n ń jẹ. Ẹni tó béèrè bóyá eku ni wọ́n ń fín ló kọ́kọ́ na igbá rẹ̀ padà.

"Ṣé eku náà kù?" ni Àmọ̀kẹ́ bi í.

"Ó ṣẹ́kù níkùn mi, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ni ó wí, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ju Àmọ̀kẹ́ lọ lọ́jọ́ orí. Ó gba ìkejì, ó gba ìkẹta.

Nígbà tí wọ́n tún gòkè, iṣẹ́ ń lọ wéré. Okùn ìkẹyìn ni wọ́n ń so nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí Ọdẹ́wálé lọ́rùn. Wọ́n sáré wọ inú yàrá, gbogbo wọn, pẹ̀lú Àwẹ̀ró àti àwọn obìnrin tó kù, wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Òjò náà rọ̀ bí ẹni fẹ́ wó ayé. Gbogbo wọn gbé ojú sókè, wọ́n ń retí. Omi kankan ò kán.

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Àmọ̀kẹ́, èèpo yẹn náà lẹ fi sè é?"

"Èèpo náà ni."

"Tiwa rèé ní kòtò lẹ́yìn ilé, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń dà á síbẹ̀."

Ìyá Àmọ̀kẹ́, tó ti ń sá fún èèpo láti ọjọ́ yìí, wá gbé orí sókè. "Ohun a ní là ń náání, ìyálé," ni ó wí.

Ọdẹ́wálé ń nu omi òjò kúrò lọ́rùn. Ó fi ẹnu tọ́ka sí Àmọ̀kẹ́ tó jókòó ní igun yàrá, ó ní, "Ẹ kúkú rí i. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi."

Àpárá ló fi dá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n dé oko Akínwándé lọ́jọ́ kejì, ìyàwó Akínwándé ń tọrọ àforíjì pé kókò nìkan ni òun ní láti gbé kalẹ̀. Wọ́n ní kó gbé e wá. Wọ́n ní ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ó ní kí ni wọ́n ń wí, wọ́n sì sọ ọ́ fún un. Láti oko dé oko ló fi kárí, títí tí àwọn tí kò mọ Àbà-Ayín rí fi ń pa á. Láti ọdún yẹn, kò sí kòtò kan ní abúlé náà tí o lè rí èèpo ayín ṣà nínú rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ìgbà tí àwọn àgbà ń pa òwe yìí ni ìgbà tí ènìyàn bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, tó sì ń wo ti ẹlòmíràn, tàbí ìgbà tí wọ́n bá rí ẹni tó ń tọ́jú díẹ̀ tó ní, tí àwọn aláìmọ̀kan ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò ní ṣùgbọ́n tó mọ ohun tó ní lò ni wọ́n fi ń yìn. Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bí àgbà bá pa á fún ọ lọ́jọ́ kan, má wulẹ̀ mi orí. Lọ wo ẹ̀yìn ilé rẹ.